Láti Ahéré dé Ahéré

Ọ̀kun o, òkúta Ògìdì,
ìwọ tí o ti jí kí àkùkọ tó kọ,
tí o jókòó bí àgbà tí kò ní ibi tó ń lọ.
Èmi ní ibi tí mò ń lọ.
Mo ti so okùn bàtà mi lẹ́ẹ̀mẹta,
bàtà tuntun, ẹgbàá mọ́kànlá náírà ní Lọ́kọ́ja.
Ẹni tó tà á fún mi búra pé kì í yọ̀.

Ahéré Ọbájẹ́mu la sùn lálẹ́ àná,
èmi àti Ọmọ́táyìn,
ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí wọ́n ní kó mú mi lọ́nà.
Èéfín ibẹ̀ ṣì wà nínú irun mi.
Ahéré òkè la fẹ́ sùn lónìí.
Kò jìn, ni wọ́n wí.
Wọn kò sọ pé lóòró ni ọ̀nà náà dúró.

Mo ṣíwájú. Mo ní kó máa bọ̀ lẹ́yìn.
Àpáta àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ ni mo fi gùn ún.
Ìkejì, mo fi ọwọ́ kún un.
Ìkẹta, àyà ni mo fi wọ́ gùn ún bí alángbá,
ṣùgbọ́n alángbá a máa mi orí pé òun ṣe é;
orí tèmi, ẹ̀rù ló ń mì ín.

Nísàlẹ̀, òrùlé páànù kéré bí èékánná.
Ọ̀nà Kábà dà bí okùn tí ẹnìkan gbàgbé sílẹ̀.
Mo jókòó níbi tí àpáta ti là sí méjì,
mo ń retí ọmọ yìí.
Wákàtí kan. Bísíkíìtì mẹ́ta. Omi ku ìlàjì.
Nígbà tó yọ, sálúbàtà rọ́bà ló wọ̀,
ọ̀kan pupa, ọ̀kan búlúù,
òógùn lójú rẹ̀, àdá lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo bá a wí. Mo bá a wí gidi.
Ṣé oorun lo padà lọ sùn ni?
Ṣé kí ilẹ̀ ṣú mọ́ mi lórí òkúta?
Ó ní, "Ẹ má bínú."
Ó wo ojú ọ̀run. "Òjò ń bọ̀."

Òjò dé lóòótọ́,
kì í ṣe èyí tó ń kan ilẹ̀kùn,
èyí tó ti wọlé kó tó béèrè onílé.
Àpáta tó gbẹ bí ìdí ìkòkò láàárọ̀
di ẹ̀yìn ẹja àrọ̀.
Bàtà tí kì í yọ̀, yọ̀.
Mo rí ọ̀run, mo rí koríko, mo tún rí ọ̀run,
ọwọ́ kékeré kan sì gbá mi mú ní kọ́là.

"Ẹ bọ́ ọ," ló wí.
Mo bọ́ ọ. Mo fi kọ́ ọrùn.
Àtẹ́lẹsẹ̀ mi, tó ti di ọmọ ilé láti ọdún pípẹ́,
bẹ̀rẹ̀ sí í ka òkúta bí afọ́jú ti í ka ìwé.

Orí irú òkè yìí ni àwọn ìyá wa sá sí
nígbà tí ẹṣin ogun ń bọ̀ láti ìhà odò.
Ọmọ lẹ́yìn, irúgbìn lórí, òru ni.
Ẹṣin kò lè gùn ún.
Kí ni wọ́n wọ̀ sẹ́sẹ̀?

Ìrọ̀lẹ́ ti di òkùnkùn ká tó débẹ̀.
Koríko lórí, amọ̀ lára, kò sẹ́nikẹ́ni nínú rẹ̀.
Ní igun kan, igi gbígbẹ, wọ́n fi ìtàkùn dì í;
ìṣáná nínú ọ̀rá,
iyọ̀ nínú agolo mílíìkì.
"Ta ló ń gbé ibí?"
"Kò sí."
"Ta wá ló ṣẹ́gi?"
"Ẹni tó sùn kẹ́yìn."

Iná gbà. Mo nawọ́ sí i.
Nígbà náà ni mo rántí igun ahéré Ọbájẹ́mu,
bí mo ṣe fi í sílẹ̀ láàárọ̀, eérú lásán.
Mo rántí àdá, mo rántí òógùn.
Ó ń yí iṣu nínú iná, kò wò mí.
N kò rí ọ̀rọ̀ sọ.

Ní ìdájí, bàtà mi ṣì ń kán tó lára òpó.
Mo rọra jí i.
"Àdá dà?"